Ẹ Má Tan Tọ́ọ̀ṣì Sí I Lójú

Bí wọ́n bá ti mú iná ní àdúgbò wa l'Ágége, ọmọ mi obìnrin á dúró gbagidi síbi tó bá wà. Bí mo bá nawọ́ sí i, kò ní rí i. Ọmọ tó ń sáré kiri lójúmọmọ! Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà mí: kí ojú yẹn má lọ fọ́.

Ní ti ìyá mi, epo pupa loògùn. Wọ́n á bu epo sí iṣu ọmọ, wọ́n á bu ú sí ẹ̀wà. Lọ́jọ́ kan wọ́n ro ó mọ́ ògì.

"Màmá, ògì ti dọbẹ̀ o," ni ìyàwó mi wí.

"Ìwọ lo ò jẹ epo tó nígbà tóyún rẹ̀ wà nínú ẹ."

Ìyàwó mi gbé ife ògì náà, ó kọjú sógiri.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú n'Íkẹjà. Nígbà tí àyẹ̀wò ọmọ parí, dókítà náà bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe ọ̀rá ni, n'Ílúpéjú.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ nìyẹn, bàbá. Èlò lè kún sítọ̀, kẹ́ni tó wà nídìí ẹ̀rọ máa falẹ̀. Fítámì A inú epo ò wọ́n lára ọmọ yìí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan ojú, ojú á lo fítámì náà. Ẹ́ńsáìmù, òṣìṣẹ́ inú ara, ló máa ń bá wa tún un ṣe, ká tó lè ríran lókùnkùn. Tiẹ̀ ń lọ́ra ni. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, ìyá ẹ̀ ò jẹ̀bi. Kò ní fọ́jú. Ẹ jẹ́ kó jókòó pẹ́ sínú òkùnkùn, á ríran."

"Àwọn ará ilé máa ń tan fóònù sí i lójú, kó lè ríran."

"Áà! Ẹ̀ ń dá iṣẹ́ náà padà síbẹ̀rẹ̀ ni."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a ń jẹun lọ́wọ́ ní àgbàlá nígbà tí wọ́n mú iná. Ará ilé kan ti ń fa fóònù yọ.

"Ẹ pa á!" ni gbogbo wa kígbe.

A jókòó. Ẹ̀fọn ń jẹ wá, a sì ń tàkúrọ̀sọ, ó pẹ́ gan-an. Mo gbọ́ tí ìyá mi rọra sọ fún ìyàwó mi pé, "Má bínú, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ó ti tán, Màmá. Ẹ̀rù ba èmi náà."

Iná ò tíì dé nígbà tí ọmọ kígbe:

"Màmá àgbà! Ẹran mi lẹ mú yẹn!"

Ìyàwó mi di apá mi mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Ojú ẹ ni mo ń dán wò, ọkọ mi," ni ìyá mi wí, ẹran ti kún ẹnu wọn.