Ọkùnrin Tó Fi Ejìnrìn Gba Ìgbìmọ̀ Lálejò

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún wá láti ti oko ìwádìí Bàbá Eléjìnrìn pa, ife márùn-ún ló fi pàdé wọn. Omi èso ejìnrìn ló wà nínú ife kọ̀ọ̀kan, ó tutù, ó ń dán, ó rí minijọ bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwọn èèyàn náà ti pinnu kí wọ́n tó dé pé ibi tí ejìnrìn wà làwọn yóò máa gbé ọkọ̀ sí. Àmọ́ oòrùn mú, òùngbẹ sì ń gbẹ wọ́n.

“Ẹ mu nǹkan ná, kẹ́ ẹ tó lé mi,” ló wí.

Alága gbé tiẹ̀, ó dà á sọ́fun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú rẹ̀ kákò, etí rẹ̀ méjèèjì gbéra sókè, ó lanu, ohùn kò jáde. Bàbá Eléjìnrìn tẹjú mọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń kà. Nígbà tí alága jàjà rí ọ̀rọ̀ sọ, tó ní, “Kí lẹ fún mi mu yìí?” Bàbá yíjú sí obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́. “Ìyá Ìwọ̀n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ebè kẹta, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀.”

Ó wá ṣàlàyé. Orí ebè márùn-ún ni wọ́n ti ká èso náà, bí wọ́n ṣe bomi rin ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra, ẹ̀rọ sì ti sọ èyí tó korò jù. Ojú èèyàn nìkan ló kù tí yóò jẹ́rìí sí i. Ẹni tó mu ti ebè kìíní bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó mu ti ebè karùn-ún ṣì ń wá ibi tí yóò tutọ́ sí. Alága fúnra rẹ̀ ló béèrè bí omi ṣe ń yí ìkorò padà. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó. Wọ́n wá láti gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ilẹ̀ mìíràn kún un.

Ìyá Ìwọ̀n ló mọ ìtàn yìí sọ jù. Ọdún méjìlélógún ló fi wọn ewé, èso àti kóró fún Bàbá; orúkọ tí Bàbá fún un lọ́jọ́ kejì tó dẹ́nu iṣẹ́ ló sì ń jẹ́ títí di òní. Nígbà tí Bàbá kú, tí wọ́n ṣe ìpàdé ìrántí rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ibi iṣẹ́, òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè pé kó sọ̀rọ̀.

Ó sọ ti ọkùnrin kan tó ń ta omi ejìnrìn nínú ìgò, tó fẹ́ kí Bàbá fọwọ́ sí i pé kò sí àrùn tí kì í wò.

“Ṣé kì í wo ẹ̀yìn ríro ni, Bàbá?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ojú ńkọ́?”

“Mi ò tíì wádìí ojú.”

“Ìtọ̀ ṣúgà?”

“À ń wádìí ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń lo oògùn dókítà kó má jù ú nù nítorí ewé mi.”

“Ọdún méjìlá lẹ ti wà lórí ejìnrìn! Kí wá lẹ mọ̀?”

“Mo mọ iye ohun tí mi ò mọ̀. Ẹ lọ bi àwọn tó ti fọwọ́ síwèé fún yín bóyá wọ́n mọ tiwọn.”

Ìyàwó Bàbá, aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì, wà níwájú gbọ̀ngàn, ó ti fọwọ́ bo ẹnu, torí ó mọ ìtàn tó kàn. Ejìnrìn kan ló fà láti ẹ̀yìnkùlé dé okùn ìsáṣọ rẹ̀, tó lọ́ mọ́ apá búláòsì rẹ̀.

“Bàbá, ẹ bá mi tú aṣọ mi sílẹ̀.”

“Jọ̀ọ́, ìyàwó mi, ó ti rí nǹkan dì mú. Tá a bá tú u, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.”

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni búláòsì lò lórí okùn. Nígbà tí ìwé tí Bàbá kọ lórí àwọn òpó tí ejìnrìn ń gùn jáde, ó wà lójú ewé kẹrin: “Òpó keje: aṣọ.”

Iṣẹ́ tó gba Bàbá lọ́kàn jù ni ti ewé sísá. Yàrá ìwádìí ńlá kan ti kọ ọ́ pé oòrùn ni o, ibòji ni o, ẹ̀rọ gbígbóná ni o, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ewé kì í pàdánù ohunkóhun nínú èròjà rẹ̀. Gbogbo èèyàn gbà. Bàbá ò gbà. Ó sá ewé náà lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní kí Ìyá Ìwọ̀n kọ nọ́ńbà nìkan sára ìgò, kó sì lẹ ìtumọ̀ àwọn nọ́ńbà náà pa sínú àpò ìwé, kó má bàa sí ojúsàájú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

“Ìyá Ìwọ̀n, ẹ jẹ́ kí n yọjú wò ó, ẹ̀ẹ̀kan péré.”

“Ẹ ní kí n má fi han ẹnikẹ́ni, sà.”

“Ṣé èmi náà ni ẹnikẹ́ni?”

Ìyá Ìwọ̀n na ìwé ìlànà iṣẹ́ sí i. Ó wà níbẹ̀, Bàbá ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: “Títí kan èmi. Pàápàá èmi.” Ó kà á, ó fajú ro. “Òpònú wo ló kọ eléyìí?”

Nígbà tí wọ́n ya àpò ìwé náà, ewé inú ibòji ló gbégbá orókè. Yàrá ìwádìí ńlá náà kọ̀, wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé ẹni tó wọn ewé ló ṣì í wọ̀n. Ìyá Ìwọ̀n ò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ tó gbọ́. Ó tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, igba ó lé ogójì ìgò, kò sì sí ẹyọ kan tó yẹ̀. Wọ́n fi ránṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé.

“‘A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta,’” Bàbá kà á sókè láàárín àwọn atẹ ewé. “‘Ẹ̀yin lẹ jàre.’” Ó na lẹ́tà náà sí Ìyá Ìwọ̀n. “Ẹ gbà, ẹ̀yin ni wọ́n bú.” Ló bá gbé atẹ ewé kan lérí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ọkùnrin ẹni àádọ́rin ọdún, ewé kan ò sì já bọ́. Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lórí ìwé tó jáde. Ti Ìyá Ìwọ̀n ló ṣáájú.

Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ títí. Nígbà tó rọlẹ̀, ìyàwó Bàbá dìde.

“Ọkọ mi ò purọ́ fún mi rí,” ló wí. “Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ọbẹ̀ mi, á sọ. Bó bá dùn, á ní ó dùn, àmọ́ ti àná dùn jù ú lọ.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. “Mo máa ń bínú sí i. Báyìí, àwọn ọmọ ní gbogbo ọbẹ̀ mi ló dùn. Mi ò wá mọ èyí tó dùn lóòótọ́ mọ́.”

Ìyá Ìwọ̀n lọ jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ gbé ọbẹ̀ yín wá lọ́la, mà. Màá tọ́ ọ wò.”

“Bí ò bá wá dùn ńkọ́?”

“Màá ní kò dùn.”

Ìyàwó Bàbá nu ojú rẹ̀. “O ṣeun, ọmọ mi,” ló wí.