Ẹ̀rọ Tó Gba Búrẹ́dì Àṣẹ́kù

Àǹtí Òótọ́ ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé búrẹ́dì kan, torí ẹnu rẹ̀ kì í gba irọ́. Orúkọ dáadáa ni, àbí? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fi ojú rẹ̀ rí.

Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀ pé búrẹ́dì tí kò bá tà dìrọ̀lẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ló ni ín. Ìyá rẹ̀ ni Àǹtí Òótọ́ ń gbé tirẹ̀ fún. Mámà ò lè dá dìde mọ́, yàrá kan ló sì ń gbé láàárín àwọn ayálégbé. Bí búrẹ́dì bá ti dé, á pín in fún gbogbo ilé. Torí náà, bí ọmọ bá wà níbi iṣẹ́, àwọn ará ilé ló ń gbé mámà dìde, tí wọ́n ń bu omi fún un.

Ni ọ̀gá bá gbé ẹ̀rọ kan wọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ yìí á wo bí ọjà ṣe tà, bí òjò ṣe rọ̀, á wá sọ iye búrẹ́dì tí wọn yóò yan lọ́la kí nǹkan kan má baà ṣòfò. Àǹtí Òótọ́ ni wọ́n ní kó máa tẹ ohun tó bá ṣẹ́ kù sí i.

"Àǹtí, ẹ tẹ̀ ẹ́ pé ó ti tà," ni ẹni tó ń po fúláwà wí. "Bẹ́ ẹ bá fi àṣẹ́kù han nǹkan yìí, á gbà á lọ́wọ́ wa."

"Kí n máa purọ́? Èmi kọ́! Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a."

"Ó dáa náà. Kí òótọ́ máa bọ́ mámà yín."

Kò pẹ́ tí pẹpẹ fi ń ṣófo dìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá ń yọ̀ ṣìnkìn, ó ń yin Àǹtí Òótọ́ lójú gbogbo èèyàn. Apofúláwà ò kí i mọ́.

Nílé ńkọ́? Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ń béèrè búrẹ́dì. Nígbà tó yá, wọn ò béèrè mọ́, wọn ò sì yọjú mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú ìtọ̀, ibi tó ṣubú sí láti àárọ̀. Wọ́n ń gbọ́ rédíò ní yàrá kejì.

"Ẹ̀yin mà wà nílé!" ló fi igbe ta. "Ṣé ẹ ò gbọ́ ohùn mámà ni?"

"Má bá wọn jà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo pè wọ́n títí. Búrẹ́dì ni wọ́n ń kí látọjọ́ yìí, èmi ni mi ò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọ egungun. Láti ọjọ́ kejì, owó oṣù rẹ̀ ló fi ń ra búrẹ́dì níbi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ kó tó tán, èyí tó máa kárí gbogbo ilé. Àwọn ará ilé tún padà dé: "Mámà wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!" Àwọn aláìnítìjú!

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ọ̀gá pè é sídìí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀ kan.

"Àǹtí, ẹ wá wò ó! Ẹ̀rọ ní ká fi kún èyí tá à ń yan. A ti ní oníbàárà tuntun tí kì í yẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ bá mi tọ́jú ẹni náà dáadáa o, kó má baà sá."

"Ó ti dáa, sà," ló wí, ó sì lọ yọ owó nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ kí búrẹ́dì tó tán.