Àtẹ̀gùn Tó Já Mọ́ Reuben Ọlábọ̀dé Lẹ́sẹ̀

Reuben Ọlábọ̀dé ti kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni àtẹ̀gùn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa ní Àpápá já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ pé èmi ni mo dá ilé yẹn sílẹ̀. Láìsí èmi, òfìfo ni.

Ó dáa, mo bù mọ́ ọn. Ìkọ́ irin kan ṣoṣo tí mo fi ń gbé àpò ní wọ́ọ̀fù, létí ọkọ̀ ojú omi, nígbà èwe mi ni mo fún wọn. Reuben ló kó gbogbo ìyókù jọ fún ọdún mọ́kàndínlógún, sínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípákó tí àwọn òyìnbó ọlọ́kọ̀ ojú omi fi sílẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ káàdì sí ohun kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó kọ ọ́ pé ìkọ́ mi ló gbé àpò àkọ́kọ́ tó wọ Àpápá. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, a jẹ́ pé ẹ ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún nìyẹn."

Ohun tó kọ tẹ̀lé e ni: "Ẹni tó ni ín ló sọ bẹ́ẹ̀." Oṣù mẹ́ta ni mi ò fi kí i.

Mo jowú rẹ̀, kí n má purọ́. Ìyàwó mi, Ìyá Ṣayọ̀, tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dópin, a jókòó odindi wákàtí méjì kí Reuben máa sọ ìtàn ojú irin Ìjọra fún un. "Ẹ wo bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni pé ó wà níbẹ̀!" ni yóò máa wí. Èmi tí mo wà níbẹ̀ gan-an ńkọ́? Níbi ìsìnkú rẹ̀ pàápàá, mo ń wo gbogbo Ajégúnlẹ̀ tó ń sunkún, mo ń bi ara mi pé ta ló máa sun ìdajì eléyìí fún mi.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá kan láti káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wa, ti dìde. Ó ní Bàbá Ọlábọ̀dé ò fìgbà kan sọ fáwọn pé àtẹ̀gùn ti bàjẹ́, pé kò yẹ kó gùn ún.

Mercy, opó rẹ̀, fò dìde. "Lẹ́tà mẹ́rin lọkọ mi kọ!"

"Màmá, ẹ fara balẹ̀. A ò rí ìkankan."

Ṣé ẹni tó kú ló wá jẹ̀bi? Ọdún mẹ́fà ni ikán fi jẹ àtẹ̀gùn yẹn. Káńsù ló nilé. Nígbà tí alága fẹ́ ya fọ́tò níwájú ibẹ̀, wọ́n rí ọ̀dà fi kun ògiri kíákíá. Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé ọ̀dà la fi ń gun òkè?

Ẹ̀dà lẹ́tà mẹ́ta wà lọ́wọ́ Mercy, òǹtẹ̀ káńsù wà lórí wọn gbàgàdà. Ta ló lu òǹtẹ̀ yẹn? Ta ló ti àwọn lẹ́tà náà mọ́ inú dúróà tábìlì? Kí wọ́n dárúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì padà wá sọ lójú gbogbo èèyàn pé Reuben kìlọ̀ fún àwọn.

Ẹ bi èmi náà léèrè lẹ́tà kẹrin. Ẹsẹ̀ ń dun Reuben lọ́sẹ̀ tó kọ ọ́, ó ní kí n bá òun mú un lọ sí káńsù. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á dá ẹ̀yin lóhùn." Mo tú u wò, mo rí i pé orúkọ tiẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó dùn mí. Mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà ni àtẹ̀gùn já. Mi ò mú un lọ.