Ọjọ́ tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Sẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Ilẹ̀kùn iwájú ilé wa l'Ìkòròdú kì í ṣe ilẹ̀kùn yẹpẹrẹ. Irin ni, wọ́n kùn ún kó lè jọ pákó, ó sì wúwo débi pé ṣe ni àwọn tó gbé e wá ń mí hẹlẹ. Bí èèyàn bá yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, àwọn irin kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pá kan á gun òkè wọ inú férémù, òmíràn á sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ihò tí wọ́n lu sílẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí olè tó lè ṣí i. Òótọ́ ló sọ. Kò kàn fi kún un pé onílé náà ò ní lè ṣí i ni.

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ilẹ̀kùn yìí ti ń ṣe ségesège. Láàárọ̀ tí mo bá ń sáré lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, àfi kí n fi èjìká tì í, kí n fà á, kí n sì bẹ̀ ẹ́ kó tó jẹ́ kí n jáde. Ìyàwó mi ní kí n pe kápẹ́ńtà. Mo ní kí ló kan kápẹ́ńtà nínú ọ̀rọ̀ irin. Ó ní kí n pe wẹ́dà nígbà náà. Inú bí mi. Ṣebí wẹ́dà náà ló jó ilẹ̀kùn ilé ìdáná pa fún wa lẹ́yìn tí olè gba ibẹ̀ wọlé, n ò sì fẹ́ kó tún wá jó ẹyọ kan tó kù.

Ìyá ìyàwó mi ló sọ ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń gbé, àwọn nìkan, látìgbà tí ọkọ wọn ti kú. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀, ìyàwó mi ò sì ní ìfọ̀kànbalẹ̀ mọ́ látìgbà náà. Bó bá pe Màmá lórí fóònù tí wọn ò tètè gbé e, ẹkún ló máa ń sun. A bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, wọ́n kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ dààmú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, wọ́n gbà láti wá wo ibẹ̀ ná. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á dúró. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á padà sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà, a ò sì gbọ́dọ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Sátidé ni wọ́n ń bọ̀. Àwọn ìbejì wa ti lọ síléèwé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìyàwó mi nu ilé títí ilẹ̀ fi ń dán, ó sì tẹ́ máàtì ìnusẹ̀ tuntun tó ní òwú wẹ́wẹ́ létí sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Èmi náà ní màá tún ilẹ̀kùn ṣe kí Màmá tó dé. Mo ti wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù. Òyìnbó kan ló ṣe é, kò sì làágùn rárá. Mo tú háńdù, mo yọjú wo inú lọ́ọ̀kù, mo sì mi orí bí ẹni tó mọ ohun tó ń wò. Mo ní epo ló ń fẹ́. Kò sí epo ẹ̀rọ nílé, mo bá da òróró tí a fi ń dín dòdò sí i. Nígbà tí mo rí i pé kò tó, mo mú òróró àdúrà tí mo gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ta díẹ̀ lé e. Ìyàwó mi bi mí bóyá kí òun ṣe àmín.

Mo dá gbogbo rẹ̀ padà, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo sì yí kọ́kọ́rọ́ láti dán an wò. Ó tì wẹ́rẹ́. Inú mi dùn débi pé mo jó díẹ̀. Mo wá yí i padà láti ṣí i. Ó kọ̀. Mo gbọ̀n ọ́n, mo bú u, mo tún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, kò mira. Orí ìyẹn la wà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá fi dúró síwájú ilé.

Màmá sọ̀ kalẹ̀. Ẹrù wọn ò sọ̀ kalẹ̀ o. Wọ́n ní kí onímárúwá má tíì fọwọ́ kàn án, kó sì má lọ.

Ìyàwó mi sáré lọ sójú fèrèsé, ó kúnlẹ̀ sórí àga kí ìyá rẹ̀ lè rí i. Ọlọ́gbọ́n obìnrin ni. Èmi náà sáré débẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bí mo ṣe délẹ̀ báyìí, ògiri bò mí. Mo gbọ́ tí Màmá ń béèrè pé ọkọ rẹ̀ ńkọ́. Mo dìde kí wọ́n lè rí mi, ni wọ́n bá ń wò mí látòkè délẹ̀: àna wọn ló dúró ṣánṣán kí wọn. Mo tún yára lọ sílẹ̀, mo tún pòórá. Ìyàwó mi ní kí n gun orí tábìlì dọ̀bálẹ̀. Onímárúwá, ọkùnrin àgbàlagbà tí ẹnikẹ́ni ò bi ní nǹkan kan, ní ì bá dáa tí a bá lè fa bẹ́ẹ̀dì wá. Èmi sì ti ń fojú wọn tábìlì lóòótọ́.

Ìyàwó mi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi èdè Ẹ̀pẹ́ sọ nǹkan kan tí èmi ọmọ Ọ̀ṣun ò gbọ́, ìyàwó mi sì ní kí n má wulẹ̀ béèrè. Onímárúwá ní àkókò ń lọ, ó sì tan kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Màmá wo kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n tún wo ilẹ̀kùn wa. Ìyàwó mi fọwọ́ méjèèjì di irin ojú fèrèsé mú.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ má tíì lọ."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí gan-an, torí mo mọ̀ pé bí kẹ̀kẹ́ yẹn bá fi lè gbé Màmá lọ, kò tún sí ọ̀nà tí a máa gbà bẹ̀ wọ́n mọ́.

Màmá kọjú sí mi. "Bàbá Ìbejì, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń kí èèyàn, kì í ṣe ojú fèrèsé. Wá síbẹ̀ kó o wá kí mi."

Mo lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí máàtì tuntun, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí ilẹ̀kùn. Mo ní ẹ káàbọ̀, Màmá, ẹ kú ìrìn. Wọ́n bi mí láti ìta bóyá mo wà nílẹ̀. Mo ní mo wà nílẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá àyà mi kanlẹ̀. Mo ní ikùn mi gan-an ti kanlẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àlàáfíà àwọn òbí mi, ti àwọn ìbejì, àti ti ibi iṣẹ́, bí ẹni tó ti jókòó sórí àga ní pálọ̀.

Ibi tí mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ tí mo ti ń dáhùn ni mo ti rí i. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ ti wọ inú ihò rẹ̀, ó sì ti wọ́ òwú etí máàtì wọnú ihò náà. Òwú máàtì àtijọ́ tún ti dì síbẹ̀ lábẹ́ ti tuntun. Lọ́ọ̀kù ò ṣẹ̀ mí rárá. Mo nawọ́ sẹ́yìn, ìyàwó mi tó ti tẹ̀ lé mi débẹ̀ fi sísọ́ọ̀sì sí mi lọ́wọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé òwú, mo ń fà á jáde, mo ń sọ pé bàbá mi ń kí wọn, pé ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá náà ti fúyẹ́. Mo ní kí ìyàwó mi rọra yí kọ́kọ́rọ́. Ó yí i. Ilẹ̀kùn ṣí, ó sì gbá mi lórí.

Màmá ṣe Bísímílà, wọ́n gbẹ́sẹ̀ wọlé, wọ́n dúró tì mí. N ò lè dìde, wọn ò tíì ní kí n dìde. Wọ́n fọwọ́ kan àwọn irin tó wà létí ilẹ̀kùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Lọ́jọ́ tí mo ṣubú yẹn," wọ́n ní, "mo ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ra mi ni. Àwọn aládùúgbò ń pè mí láti ìta, mo ń dá wọn lóhùn, wọn ò rọ́nà wọlé."

Wọn ò sọ ìyẹn fún wa rí. Ìyàwó mi bú sẹ́kún. Àánú wọn ṣe mí gan-an, mo ṣì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ tòun ti òwú lọ́wọ́.

Màmá yíjú síta, wọ́n ní kí onímárúwá máa kó ẹrù bọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí nílẹ̀.

"Dìde," wọ́n ní. "Lọ bá mi tú lọ́ọ̀kù ara ilẹ̀kùn yàrá tí mo máa sùn, àti ti balùwẹ̀."