Ìwé Àṣẹ Tí A Gbà Kí Bàbá Lè Padà Sígbó

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni bàbá ìyá mi ṣubú sínú kòtò lójú ọ̀nà oko kòkó wa. Ẹsẹ̀ wọn kò ṣẹ́, ọwọ́ wọn kò yẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn èjìká wọn dún bí wọ́n ṣe ń ṣubú, ó sì fọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti sọ pé Bàbá kò gbọdọ̀ dá wọ igbó mọ́.

Ọdẹ ni Bàbá láti kékeré. Bí ẹ bá ní kí ọdẹ jókòó sílé, kí gbogbo ará ilé náà múra. Kò pẹ́ tí Bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìyá mi bí wọ́n ṣe ń yan gàrí, iṣẹ́ tí ìyá mi ti ń ṣe kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n á ní iná pọ̀ jù. Bí ìyá mi bá fa igi kan jáde, wọ́n á ní iná ti kú. Wọ́n á dá ewúrẹ́ dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á bi í pé níbo ló ń lọ láàárọ̀ kùtùkùtù. Wọ́n á dá ọlọ́kadà dúró, wọ́n á bi í pé ọmọ ta ni, wọn kò sì ní jẹ́ kó lọ títí wọ́n á fi rántí pé àwọn àti bàbá bàbá rẹ̀ jọ dẹ òkété rí. Èyí tó burú jù ni ti tọkọtaya tó ń gbé ilé kejì sí wa. Bàbá lọ bá wọn parí ìjà ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọn kò jà. Nígbà tí Bàbá fi máa parí ìjà náà tán, wọ́n ti ń jà.

Ìyá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àdògán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n nu ojú wọn.

"Bí a kò bá wá ọ̀nà dá bàbá yìí padà sí ugbó," ni wọ́n wí, "èmi ni n ó kó ẹrù mi lọ síbẹ̀."

Ẹni tí yóò máa bá Bàbá lọ ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Ìkẹ́rẹ́ níbi tó ti ń kàwé, bó bá sì wá sílé pàápàá, alángbá ló máa ń lé e kúrò ní ilé ìwẹ̀. Èmi ni mo wà nílé. Mo ti fi ìwé sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kejì ní girama, mo ń bá ìyá mi ṣe gàrí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré sì ni mo ti ń tẹ̀lé Bàbá lọ sí etí igbó lọ ṣa ìgbín, tí a ó jọ wo tàkúté wọn.

A ní bí a ṣe máa ń ṣe é, àwa méjèèjì. Etí Bàbá ti ń wúwo, ohùn tèmi kì í sì í jáde. Bí mo ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá kí èèyàn, ẹni náà á rò pé mo ń yán ni. Torí náà, tí mo bá rí nǹkan nínú igbó, n kì í pe Bàbá. Èkùrọ́ tí mo máa ń dà sínú àpò ni mo máa ń jù lu ẹ̀yìn wọn. Bí èkùrọ́ bá ti bà wọ́n báyìí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á sì máa wo ibi tí mo bá nàka sí. Ìyá mi rí wa lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ṣé bàbá àwọn ni mo ń sọ lókò.

Ṣùgbọ́n láyé ìsinsìnyí, èèyàn kì í ṣàdédé wọ igbó mọ́. Nígbà tí àwọn ajínigbé ti sọ igbó di ilé wọn, àwọn tó ń ṣọ́ igbó kì í jẹ́ kí ẹni tí wọn kò mọ̀ kọjá. Ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú wa wá ṣòfin. Ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún kò gbọdọ̀ bá ọdẹ wọ igbó láìní ìwé àṣẹ. Àgbà ọdẹ kan gbọ́dọ̀ dúró níwájú ẹgbẹ́ pé òun ni ọ̀gá ọmọ náà, òun ni yóò kọ́ ọ níṣẹ́, òun ni yóò mú un lọ, òun náà ni yóò sì mú un bọ̀ wálé. Lójú òfin, Bàbá ni yóò máa mú mi lọ. Nínú ilé wa, èmi ni yóò máa mú Bàbá lọ. A kò sọ èyí fún ẹgbẹ́ ọdẹ. A kò sì sọ ọ́ fún Bàbá. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé wọ́n ti rí ọmọ iṣẹ́, inú wọn sì dùn débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bá mi wí nílé, kí ó lè mọ́ mi lára.

Ìyá mi lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ láti mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Tíṣà ni akọ̀wé yìí. Ìwé tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fi yàn wọ́n, kì í ṣe igbó. Wọ́n ní kí a mú fọ́tò wá, kí ìyá mi wá fọwọ́ sí ìwé, wọn ó bi mí ní ìbéèrè nípa ìbọn, lẹ́yìn náà a ó ṣe ìpè. Ìpè yìí ló dẹ́rù bà mí. Wọ́n á mú ọ̀gá dúró síbì kan, wọ́n á mú ọmọ iṣẹ́ lọ sí òkèèrè, ọmọ iṣẹ́ á pe ọ̀gá, ọ̀gá á dáhùn. Bí wọn kò bá gbọ́ ara wọn, kò sí ìwé àṣẹ, torí nínú igbó, ẹni tí kò bá mọ ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ wà lè yìnbọn fún èèyàn, kó rò pé ẹran ni.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ mi ní igbe. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń mú Bàbá jókòó sí iwájú ilé, tí wọ́n á mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á ní kí n pariwo "Bàbá o!" Màá pariwo. Ìyá mi tó dúró tì mí á bi mí pé ìgbà wo ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ṣé ohùn tí àwọn fi gbogbo uṣu ilé yìí bọ́ nìyí. Lọ́jọ́ tí mo tiraka jù, tí ọ̀fun ń dùn mí, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ló dáhùn, ó ní mélòó ni a fẹ́ rà. Bàbá ní tiwọn ti sùn lọ lórí àga.

Báyìí la ṣe dé ilé ìpàdé àwọn ọdẹ lọ́jọ́ ìdánwò. Pápá kan tí wọ́n ti ń sá kòkó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, igi máńgòrò kan sì wà ní ìparí rẹ̀. Àwọn ọdẹ jókòó yí ká. Olórí ọdẹ jókòó láàárín, ọkùnrin títóbi, tí àga ń ké lábẹ́ wọn bí wọ́n bá mí. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n bi ìyá mi pé ṣé odi ni mí.

Akọ̀wé ka ìbéèrè. Wọ́n ní bí igi bá wó dí ọ̀nà, tí mo fẹ́ gùn ún kọjá, kí ni kí n ṣe sí ìbọn. Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì dáhùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ nìkan ló gbọ́. Kí akọ̀wé tó ní kí n gbé ohùn sókè, Bàbá ti bá mi dáhùn. Wọ́n ní kí a yọ ọta, kí a dojú ìbọn kọ ibi tí kò séèyàn, kí a gbé e síbi tó dára kí a tó gùn, torí òmùgọ̀ ọdẹ ló máa ń gbé ìbọn tó lọ́ta kọ́ èjìká rìn lójú ọ̀nà tí kò dán. Ìyá mi wo Bàbá. Bàbá wo òkè. Akọ̀wé ní ọmọ iṣẹ́ ni àwọn ń bi, kì í ṣe ọ̀gá, wọ́n sì ní kí Bàbá jìnnà sí mi. Àwọn ìbéèrè tó kù, mo dáhùn wọn sí etí akọ̀wé gan-an, bí ẹni ń ṣòfófó.

Ló bá ku ìpè. Wọ́n mú Bàbá lọ sí abẹ́ máńgòrò, wọ́n ní kí wọ́n kẹ̀yìn sí mi. Wọ́n mú mi lọ sí ìpẹ̀kun kejì pápá náà. Gbogbo ojú wà lára mi. Ohun tó wà nínú ọkàn mi ni pé bí n kò bá rí ìwé yìí gbà, ilé ni Bàbá yóò jókòó sí títí n ó fi pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ìyá mi yóò sì ti ya wèrè kó tó dìgbà náà. Mo la ẹnu. Mo pè.

"Ṣé ẹyẹ ló ké yẹn ni?" ni ọdẹ kan bi èkejì rẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo tún pè. Bàbá dúró digbí, wọ́n ń fi ìka ro etí wọn. Akọ̀wé ti ń dé gègé wọn. Ojú tì mí débi pé n kò mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe mọ́. Ó ti wọ àpò lọ, ó ti mú èkùrọ́, ó sì ti jù ú.

Èkùrọ́ bá Bàbá ní àárín ẹ̀yìn. Kíá ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n yí ojú sí wa, wọ́n fi ìka lé ètè, wọ́n sì na ọwọ́ kejì láti fi dá gbogbo wa dúró. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìyá mi ṣì máa ń sọ ọ́ fún àlejò. Gbogbo ọdẹ tó wà níbẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Olórí ọdẹ fúnra wọn sọ̀ kalẹ̀ láti orí àga, wọ́n lóṣòó, wọ́n ń fi ojú wá inú koríko tó wà lẹ́yìn máńgòrò. Akọ̀wé nìkan ló dúró ṣánṣán láàárín àwọn àgbà tó lóṣòó.

"Kí ló dé?" ni akọ̀wé bèèrè.

"Dákẹ́ ẹnu ẹ," ni Olórí ọdẹ wí.

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó rí i pé kò sí ẹran kankan. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọn eruku aṣọ, ẹnikẹ́ni kò fẹ́ wo ojú ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé ní ìpè ni òfin wí, òkò kọ́, àwọn kò sì rí i níbi kankan pé kí ọmọ máa sọ ọ̀gá rẹ̀ lókò. Olórí ọdẹ ṣì wà ní ìlóṣòó torí orúnkún wọn kò gbà kí wọ́n dìde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dájọ́.

"Kí ọ̀gá mọ ibi tí ọmọ wà, kí ọmọ mọ ibi tí ọ̀gá wà, ohun tí a tìtorí ẹ̀ ṣòfin nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ó pe bàbá ẹ̀, ó sì pe gbogbo wa mọ́ ọn. Ẹ kọ ìwé fún un. Kí ẹnì kan sì wá fà mí dìde."

Mo gba ìwé àṣẹ. Ìyá mi jó díẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a máa kọ́kọ́ lọ, ìyàwó Olórí ọdẹ gbé iṣu wá fún ìyá mi. Wọ́n kí wa kú oríire, wọ́n jókòó, wọ́n tún ìdí jókòó. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn ti ní kí bàbá wọn má wọ igbó mọ́ nítorí orúnkún, ẹni náà sì ti jókòó ti àwọn nílé báyìí, kò jẹ́ kí àwọn gbádùn. Wọ́n ní ó ti ń kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń gúnyán.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni wọ́n wí, "ẹ bá wa mú tiwa náà dání."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá Olórí ọdẹ ní oríta oko láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ìbọn wọn. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ló rán àwọn kí àwọn wá wò ó bóyá a ń lo ìwé àṣẹ náà dáadáa. Bàbá ní ó dára bẹ́ẹ̀. Mo síwájú, àwọn méjèèjì tẹ̀lé mi. Bí igi bá wó dí ọ̀nà, àwọn méjèèjì yóò yọ ọta, èmi yóò gba ìbọn, wọn yóò fa ara wọn kọjá.

A jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ahoro oko ẹ̀gẹ́ kan tí ọ̀yà ti ń jẹ. Kò pẹ́ tí ọ̀yà fi jáde lóòótọ́, ó sanra, ó dúró sí gbangba, ó ń jẹ koríko. Mo ju èkùrọ́. Bàbá gbé ìbọn sókè. Àfi bí wọ́n ṣe tún sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n ti rántí pé ọdẹ kì í yìnbọn níwájú olórí rẹ̀ láì jẹ́ pé olórí yọ̀ǹda.

"Ẹ̀yin ni olórí," ni Bàbá sọ wẹ́lẹ́. "Ẹ yìn ín."

"Rárá o," ni Olórí ọdẹ wí. "Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n. Ìgbà tí ẹ ti ń dẹ igbó, n kò tíì máa wọ ṣòkòtò."

"Oyè ju ọjọ́ orí lọ."

"Níbo? Nínú ilé yín ni àbí nínú ilé wa?"

Àwọn méjèèjì rò pé wẹ́lẹ́ làwọn ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wẹ́lẹ́ ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa, ẹ ó gbọ́ ọ dé Ògòtún. Ọ̀yà gbé orí sókè, ó ń jẹnu, ó ń gbọ́ ẹjọ́. Nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ pé baba ta ló kọ́kọ́ dé ìlú, ó yípadà, ó rọra wọ inú koríko lọ. Kò tilẹ̀ sáré.

"Ó lọ?" ni Bàbá bèèrè.

"Ó lọ," ni Olórí ọdẹ wí. "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó lọ."

Wọ́n jókòó sí abẹ́ igi, wọ́n jẹ iṣu sísun tí mo gbé dání, wọ́n sì ń bá ẹjọ́ náà lọ títí oòrùn fi ta, inú àwọn méjèèjì sì ń dùn. Ìgbín ni mo ṣa.

Nígbà tí a délé, ìyá mi bèèrè ohun tí a pa. Bàbá ní a rí ọ̀yà. Ìyá mi ní níbo ló wà. Bàbá ní ó wà níbi tó wà. Wọ́n jẹ iyán bí ọmọkùnrin, wọn kò sọ pé ó le, wọn kò sọ pé ó rọ̀. Wọn kò yà sí ibi gàrí. Wọ́n kọjá níwájú ilé kejì láì wọlé lọ parí ohunkóhun. Ìyá mi wò wọ́n títí, wọ́n sì ní kí n lọ wá iṣu tí a máa sun dání fún ọjọ́ tí a tún máa lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá rán mi níṣẹ́ sí Olórí ọdẹ. Wọ́n ní kí n sọ fún wọn pé àwọn ti rò ó, àwọn ti rí i pé oyè ló ga jù, nítorí náà bí a bá tún rí ọ̀yà, Olórí ni kí wọ́n yìn ín. Mo ń lọ. Nítòsí ilé ìpàdé ọdẹ ni mo ti pàdé ìyàwó Olórí ọdẹ, wọ́n ń bọ̀ wá sílé wa. Mo kúnlẹ̀, mo bi wọ́n bóyá kò sí nǹkan. Wọ́n ní kò sí nǹkan, ọkọ àwọn ló rán àwọn sí Bàbá, wọ́n ní ọkọ àwọn ti rò ó, ó sì ti rí i pé ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́, nítorí náà bí a bá tún rí ọ̀yà, Bàbá ni kí wọ́n yìn ín.