Igò Tí Ìyá Ẹlẹ́ja Fọ̀

Òórùn ẹja yíyan ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ojúlé wa ní Ìsàlẹ̀ Gángan, kó tó rí ẹnikẹ́ni tó máa kí. Ó wọ aṣọ wa, ó wọ ìwé wa, débi pé àwọn ọ̀rẹ́ mi ní yunifásítì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá ti wọ kíláàsì, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Ogun abẹ́lé ti parí ní bí ọdún márùn-ún nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ja, ló ni ààrò náà. Inú ilé ìdáná kékeré kan lẹ́yìn àgbàlá ló ti ń fi èèpo àgbọn àti igi yan ẹja láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Fèrèsé kan ṣoṣo tí ilé ìdáná náà ní, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí aládùúgbò wa kọ́ ti dí i pa, èéfín ò sì rí ibòmíì gbà jáde àfi ẹnu ọ̀nà tí obìnrin náà jókòó sí. Á wúkọ́ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á wá ní, “Kò sí nǹkan kan, èéfín lásán ni.”

Yunifásítì wa wà lódìkejì afárá. Olùkọ́ wa ní kẹ́mísírì, ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín bọ̀rọ̀, ni àwọn ọmọbìnrin họ́stẹ̀lì lọ fẹjọ́ sùn pé jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn yàrá àwọn ń da èéfín dúdú sórí aṣọ tí àwọn bá sá. Kò bá wọn jiyàn. Ó ní ká wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà tí a gbà wọ̀n ọ́n kò le rárá: a ó bu omi mímọ́ díẹ̀ sínú igò ẹlẹ́nu gbàgà, a ó gbé e síta fún oṣù kan kí ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ máa bọ́ sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà a ó sẹ́ ẹ, a ó jẹ́ kí ìdọ̀tí tó ṣẹ́ kù gbẹ, a ó sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. A gbé ọ̀kan sórí òrùlé láìbìrì, ọ̀kan sí géètì níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń yí padà, ọ̀kan sẹ́yìn họ́stẹ̀lì. Olùkọ́ wá ní òun fẹ́ ọ̀kan láti àárín ìlú, kí a lè mọ̀ bóyá ti kámpọ́ọ̀sì pọ̀ tàbí kò pọ̀. Mo ti nawọ́ sókè kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Kì í ṣe ìwé ló wà lọ́kàn mi, ikọ́ Ìyá Ẹlẹ́ja ni. Ilẹ̀ òfìfo kan wà lẹ́yìn ògiri ilé ìdáná yẹn, ti ẹbí ni, olórí ẹbí wa sì fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta síbẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kó wó ògiri náà kí ààrò lè bọ́ sí gbangba. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó gbà pé àwa ọmọ ilé ìwé máa ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá.

“Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti ń yan ẹja nílé yìí,” ló wí nígbà tí mo sọ ti igò fún un. “Ó dáa, gbé e wá. Bí ìwé yunifásítì bá ní èéfín wa pọ̀ ju tiwọn lọ, wàláì, màá wó ògiri. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, má tún bá mi sọ ọ́ mọ́.”

Mo fi gèlè wé igò náà, mo gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi sọ̀ ní Ìdúmọ̀tà, mo sì gbé e ka orí ògiri kúkúrú tó wà ní àgbàlá. Ìyá Ẹlẹ́ja bi mí pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Mo ń kánjú, mo ní ìdánwò lọ́jọ́ kejì, mo sì rò pé àlàyé púpọ̀ á sú u. Mo ní, “Òun ló máa fi han ọ̀gá wa bí ìdọ̀tí ilé wa ṣe tó. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé dà á nù.”

“Ọ̀gá yín fẹ́ wo ìdọ̀tí ilé wa?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó dáa.”

Ó yẹ kí n rántí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìwọ náà mọ irú obìnrin tí mò ń wí: ẹni tó máa ń gbálẹ̀ àgbàlá lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, tí kò sì ní fún àlejò lómi láìṣan kọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan sí i lójú rẹ̀.

Nígbà tí oṣù pé, a wọn gbogbo rẹ̀. Ti ẹ̀yìn họ́stẹ̀lì ló pọ̀ jù, bí àwọn ọmọbìnrin náà ṣe wí, ti géètì ló tẹ̀ lé e. Ti ilé wa ló kéré jù lọ; ó mọ́ ju ti orí òrùlé láìbìrì lọ. Olùkọ́ fajú ro, ó ní kò yé òun, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí òṣùwọ̀n ṣe sọ ọ́. Èmi náà ti ṣèlérí pé màá mú èsì rẹ̀ wá, mo da ìwé náà kọ, mo gbé e lọ fún olórí ẹbí. Ó ní kí wọ́n kà á sókè lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, pé ilé wa mọ́ ju yunifásítì lọ. Ẹ̀rín sọ. Ó fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Mẹ́kà, kò sì pẹ́ tí àwọn bíríkìlà fi dé sí ilẹ̀ ẹ̀yìn.

Nírọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ yẹn, Ìyá Ẹlẹ́ja pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ ń dán. “O rí i pé n ò dójú tì ẹ́? Láràárọ̀, bí mo bá ti kírun tán, màá da omi dúdú yẹn nù, màá fi kànrìnkàn fọ igò náà, màá bu omi àmù tó mọ́ sí i. Ọ̀gá yín á mọ̀ pé ọmọ ilé gidi ni ẹ́.”

Mi ò lè bínú, mi ò sì lè rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo jẹ́wọ́ fún olùkọ́. Ó mú rúlà, ó fa ìlà gba orí ti ilé wa kọjá. “Ohun tí a ò mọ̀,” ó ní, “a kì í kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.” Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ họ́stẹ̀lì kúrò kí sáà yẹn tó parí. Nílé, mi ò sọ nǹkan kan. Mò ń sọ fún ara mi pé bí mo bá là á, àwọn ìyàwó ilé á fi Ìyá Ẹlẹ́ja ṣe ẹ̀sín. Irọ́ ni mò ń pa. Ìtìjú ara mi ni mò ń sá fún, torí èmi ni mo gbé igò wá tí mi ò ṣàlàyé. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, tẹlòmíì ló bá mi dákẹ́.

Ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọyẹ́ mú gan-an, wọ́n sì gbé Ìyá Ẹlẹ́ja lọ sí ọsibítù. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ èéfín mọ́. Ìyàwó ilé kan tó ṣì ń pọnmọ ló bọ́ sídìí ààrò náà dípò rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mò ń fi òróró pa Ìyá Ẹlẹ́ja láyà, ó bi mí pé, “Igò ọjọ́sí yẹn, ṣé èéfín lẹ fi ń wá?” Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ìlérí olórí ẹbí. Mò ń sọ ọ́, mò ń sunkún.

Ó fi etí ìró rẹ̀ nu omijé mi. “Ìwọ ọmọ yìí, ìdọ̀tí lo pè é. Ká ní o sọ pé torí àyà mi ni, ǹ bá jẹ́ kó dúdú bí ìdí ìkòkò.”

Nígbà tí ẹbí ṣèpàdé, ó ní kí n fa òun dìde. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí èmi sọ ọ́. Ó ní kí ni mo fi ọdún méjì tí mo ní ṣe? Ó fọwọ́ ti ògiri. “Bùọ̀dá mi, ìwé tẹ́ ẹ gbé kọ́ yìí kì í ṣòótọ́. Èmi ni mo ń fọ igò náà. Ilé wa dúdú. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyàwó yìí ti ń wúkọ́ o.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Olórí ẹbí dìde, ó yọ ìwé náà kúrò lára ògiri, ó gbé e lé itan, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí. “Mo ti búra,” ló wí níkẹyìn. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù àárín, wọ́n sì ti ṣí ilé ìdáná sí gbangba.

Ìyá Ẹlẹ́ja kò yan ẹja kankan níbẹ̀. Ó máa ń jókòó sí kọ́rídọ̀, kó máa wo èéfín bó ṣe ń gba òkè lọ. Kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, ó ti kú. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Mo ti wọn afẹ́fẹ́ ní kámpọ́ọ̀sì púpọ̀ láti ìgbà náà wá, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó dára ju igò lọ, ṣùgbọ́n ọdún méjì yẹn kò ṣeé dá padà. Mo gbé igò sórí ògiri kó bá mi jẹ́rìí níwájú olórí ẹbí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni àyà wà nílé, ó lẹ́nu, mi ò sì bi í.