"Presently" Tí Wọ́n Kọ Sí Mi

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí mo kọ́ iṣẹ́ táípù tán, mo kọ ìwé ìwáṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Abẹ́òkúta. Ọ̀sẹ̀ kejì ni èsì dé. Ìlà mẹ́ta péré ni, èyí tó kẹ́yìn sì sọ pé, "You will be called presently."

Nínú Gẹ̀ẹ́sì tiwa, báyìí gan-an ni "presently". Bí ẹnìkan bá ní òun wà ní Adigbe presently, Adigbe náà ló wà yẹn. Mo bá sọ fún màmá mi, tí a jọ ń rẹ aṣọ láró ní Ìtòkú, pé wọ́n ti fẹ́ pè mí. Mi ò ti ọwọ́ bọ aró mọ́, kí èékánná mi má baà dúdú níwájú ọ̀gá. Màmá ò bá mi jiyàn. Wọ́n kàn wá obìnrin mìíràn tí yóò máa bá wọn ṣiṣẹ́.

Wọn ò pè mí. Láràárọ̀ ni mò ń lọ bi wọ́n nílé ìfìwéránṣẹ́, màá tún padà lọ lọ́sàn-án. Bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́, eré ni màá sá lọ sá bọ̀, kí àwọn ọ́fíìsì má baà wá mi wálé kí wọ́n má bá mi. Oúnjẹ ò wù mí jẹ.

Ó tó oṣù méjì kí n tó mú ìwé náà lọ bá tíṣà àgbà kan ládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní "láìpẹ́" ni àwọn òyìnbó tó kọ́ àwọn ní Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní presently, kì í ṣe "nísinsìnyí".

"Èwo wá ni àwọn yìí ní lọ́kàn, sà?"

"Ẹni tó kọ ọ́ ni kó o lọ bi."

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ. Akọ̀wé tó tẹ ìwé náà kò jù mí lọ. Ó ní inú lẹ́tà àtijọ́ kan nínú fáìlì lòun ti wò ó kọ. Mo bi í pé kí ló túmọ̀ sí.

"Sìstá, ẹ má bínú, mi ò mọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níbí nìyẹn."

Ó ní àwọn tó máa yan òṣìṣẹ́ ò tíì pàdé, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n máa pàdé.

Mo fẹsẹ̀ rìn padà sí Ìtòkú, mo rò ó fún màmá mi. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, mo sì di tíṣà. Ọ́fíìsì yẹn ò pè mí rí. Síbẹ̀, títí di òní, bí ẹnìkan bá ní kí n dúró díẹ̀, mo máa ń bi í pé díẹ̀ yẹn tó wákàtí mélòó.